Bí a ṣe lè tan iná létí ọ̀sà Àjàṣẹ́ láì gba òru lọ́wọ́ ẹja

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, pàápàá ẹ̀yin tí ilé yín, buvẹ́ẹ̀tì yín tàbí kòtò ẹja yín wà létí ọ̀sà, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àbàtà inú ìlú bíi Zounvi náà, torí iná tí gbogbo wa ń tàn sójú omi lálẹ́ yìí ti ń kọjá bó ṣe yẹ. Mi ò ní kẹ́ ẹ wà lókùnkùn o. Ta ló fẹ́ tẹ ejò mọ́lẹ̀ lóru? Ohun tí mo fẹ́ fi hàn yín ni béèyàn ṣe lè mú kí iná wà níbi tẹ́sẹ̀ ń tẹ̀ kó má sì dé inú omi, owó tó máa ná yín ò pọ̀, àwọn kan nínú ẹ̀ ò tiẹ̀ ná yín ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ n sọ irú omi tá a ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ ná. Ọ̀sà wa yìí so mọ́ adágún Nokoué, Nokoué so mọ́ òkun ní Kutọnu, odò Wẹmẹ náà ń da omi tiẹ̀ sí i látòkè, omi oníyọ̀ àtomi tí ò níyọ̀ wá ń pàdé níbẹ̀, ìdí nìyẹn tí oríṣiríṣi ẹja, akàn àti ẹdé fi ń gbébẹ̀. Lọ́dún 2000 ni Bẹ̀nẹ̀ fi gbogbo ẹ̀ pọ̀, ọ̀sà, Nokoué àti ìsàlẹ̀ odò Wẹmẹ, sínú àkọsílẹ̀ Ramsar, ìyẹn àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ìlú Ramsar ní Ìránì lọ́dún 1971 lórí àwọn ilẹ̀ olómi, nọ́ńbà 1018 ni tiwa. Nítorí náà ẹ má rò pé omi ẹ̀yìnkùlé lásán ni, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ máa ṣe, ẹ má tíì ra ohunkóhun. Ẹ dúró de alẹ́ tí kò sí òṣùpá, kẹ́ ẹ bẹ apẹja kan, àwọn ará wa Ẹ̀gùn tí wọ́n mọ tìfun-tẹ̀dọ̀ ọ̀sà, kó fi ọkọ̀ gbé yín kúrò létí omi díẹ̀, kẹ́ ẹ wá yíjú padà wo ilé yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì rí iná ilé ara wọn láti ojú omi rí. Láti inú ilé, iná yẹn dà bíi pé ọgbà nìkan ló ń tàn sí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀, ẹ ó rí i tó ń gún yín lójú, tó sì na gbọọrọ lórí omi títí dé ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín. Ìlànà kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ lò níbẹ̀: ampúùlù èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rí ojú ẹ̀ gan-an láti inú ọkọ̀, wàhálà wà níbẹ̀. Ẹ má wo bí ibẹ̀ ṣe mọ́lẹ̀ tó, ojú ampúùlù ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ kọ gbogbo wọn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tó wà lẹ́nu géètì, èyí tó wà lórí ilé, èyí tọ́mọ so mọ́ igi àgbọn lọ́jọ́ ọdún tẹ́nikẹ́ni ò wá rántí tú u mọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti padà sórí ilẹ̀, ẹ lọ dúró létí omi gan-an, kẹ́ ẹ kọ ẹ̀yìn síná, kẹ́ ẹ wo iwájú. Tẹ́ ẹ bá rí òjìji ara yín lórí omi, iná yẹn ti pọ̀ jù. Ẹ mú ìwé ìròyìn kan dání pẹ̀lú, tẹ́ ẹ bá lè ka lẹ́tà kéékèèké inú ẹ̀ níbẹ̀, ó ti pọ̀ kọjá ààlà, torí òṣùpá àrànmọ́jú pàápàá ò lè jẹ́ kéèyàn ka ìyẹn láì fún ojú pọ̀. Àwọn tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ń lo ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní lux. Òṣùpá àrànmọ́jú tó mọ́ jù, ìwọ̀n ẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 0.3 lux lọ, abẹ́ iná òpópónà sì lè tó 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Áàpù wà lórí fóònù tó ń wọn lux, ẹ lè lò ó láti fi ibì kan wé ibòmíì, àmọ́ tí ibẹ̀ bá ti ṣókùnkùn dáadáa, òdo ló máa kọ síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí òdo yẹn fi yín lọ́kàn balẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí ní Jámánì gbé irú ẹja kan tí wọ́n ń pè ní perch sínú omi, wọ́n tan iná sí i lóru, wọ́n rí i pé 1 lux péré ti tó láti dín melatonin ara ẹ̀ kù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Lux kan! Iná inú buvẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ mi kan létí omi níbí ju ìyẹn lọ lọ́nà púpọ̀, ọ̀gbẹ́ni náà sì ń sọ pé ẹja ti sá lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣé nítorí ẹja la ó ṣe wá paná. Ẹ fara balẹ̀. Òru ni omi ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹdé máa ń wọnú ẹrẹ̀ sápamọ́ lọ́sàn-án, alẹ́ ló ń jáde wá jẹun. Ẹja àrọ̀ náà, òru ló ń rìn. Àwọn ohun abẹ̀mí wínníwínní kan sì wà nínú omi, ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí wọn, ìsàlẹ̀ omi ni wọ́n ń wà lọ́sàn-án kẹ́ja má baà jẹ wọ́n tán, tílẹ̀ bá ṣú wọ́n á gòkè wá jẹ ewédò tó léfòó. Lọ́dún 2000 yẹn kan náà, Marianne Moore àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ dán an wò nínú adágún kan nítòsí ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n bo apá kan kí iná ìlú má dé ibẹ̀, wọ́n fi apá kejì sílẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni pé níbi tí iná ìlú ń dé, àwọn tó gòkè wá jẹun dín kù ní ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tó sì gòkè ò gòkè tó tàwọn yòókù. Tí àwọn yẹn ò bá gòkè wá jẹ ewédò, ta ló máa jẹ ẹ́? Ẹ ó kàn rí omi tó ń di ọbẹ̀ ewédú.

Ti kòkòrò lèyí téèyàn lè fojú ara ẹ̀ rí. Ẹ lọ dúró sábẹ́ pọrọjẹ́ktọ̀ kan, iná ńlá tó ń tàn jìnnà yẹn, tó wà létí omi lálẹ́ ọjọ́ tí òjò rọ̀, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀. Kòkòrò á ti bo ẹrẹ̀ níbẹ̀, ìyẹ́ wọn á ti lẹ̀ mọ́ omi, àwọn kan á ṣì máa fẹsẹ̀ ta, ọ̀pọ̀lọ́ kan á ti jókòó ti ẹsẹ̀ òpó, kò ní sáré, kò ní fò, á kàn máa na ahọ́n ni, àwọn ọmọ́nílé á sì ti to ara wọn yí iná ká lórí ògiri, ikùn wọn á ti yọ. Ọ̀pọ̀ nínú kòkòrò yẹn, inú omi ni wọ́n ti dàgbà, ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ hu ìyẹ́ jáde, ó yẹ kí wọ́n gùn kí wọ́n sì padà lọ yé ẹyin sómi, àwọn míì ò ní ju alẹ́ kan lọ láyé, orí òpó iná ni wọ́n wá ná an tán sí. Èyí tó tiẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ iná, á rí tàìsì tó ń dán tàbí gíláàsì ọkọ̀ tí iná ń tàn sí, á rò pé omi ni, ibẹ̀ ló máa yé ẹyin sí. Ohun tẹ́ja ìbá jẹ lọ́la lẹ̀ ń fi ìgbálẹ̀ gbá dànù láàárọ̀ yẹn.

Kọ̀ǹkọ̀ ńkọ́? Akọ ló ń ké kí abo lè gbọ́, níbi tí iná bá ti pọ̀ wọ́n máa ń dín igbe kù. Tannátanná ò tiẹ̀ ní igbe, iná ìdí ẹ̀ ló fi ń pe ara wọn, èwo ni wọ́n fẹ́ rí nínú iná pọrọjẹ́ktọ̀? Ẹ bi àwọn màmá wa tó dàgbà sétí ọ̀sà, wọ́n á sọ bó ṣe pọ̀ tó nígbà kan.

Ẹyin ẹja náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2019, Emily Fobert àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Ọsirélíà fi iná alẹ́ tan sórí ẹyin ẹja òkun kan tí wọ́n ń pè ní clownfish, ẹyọ kan ò pa nínú ẹyin yẹn níwọ̀n ìgbà tíná wà níbẹ̀ lóru, ìgbà tí wọ́n paná ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ tó pa. Ẹja òkun nìyẹn ṣá, kì í ṣe tiwa. Tiwa, ẹpìyà ọ̀sà, èyí tó pọ̀ jù nínú omi yìí, bàbá ló ń fi ẹnu kó ẹyin, ó ń gbé e kiri títí tó fi máa pa, etí omi níbi tí ò jìn ló sì ti ń gbẹ́ ihò tí wọ́n ń yé e sí. Etí omi tí ò jìn yẹn kan náà ni pọrọjẹ́ktọ̀ wa ń tàn sí.

Ó yá, iṣẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí iná tí kò níṣẹ́. Ẹ mú ìwé tẹ́ ẹ kọ nínú ọkọ̀, kẹ́ ẹ béèrè lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé ta ló ń lo ìmọ́lẹ̀ yìí, fún kí ni, títí di aago mélòó. Iná ọ̀ṣọ́ tí wọ́n wé mọ́ igi, iná tí wọ́n kì sábẹ́ àfárá igi kí omi lè máa dán, iná ẹ̀yìnkùlé tẹ́nikẹ́ni ò dé láti Ẹtì dé Ẹtì, ẹ yọ wọ́n. Ibí yìí nìkan lè tó ìdajì iṣẹ́ náà nílé míì, owó kúrántì á sì dín kù. Alẹ́ Orò, gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń paná ilé, ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa.

Èyí tó bá níṣẹ́, ẹ tẹ orí ẹ̀ balẹ̀. Pọrọjẹ́ktọ̀ LED yẹn, àwọn tó ń fi í ṣe fẹ́ràn kí wọ́n gbé ojú ẹ̀ sókè kó lè tàn jìnnà, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ ló yẹ kí gíláàsì ẹ̀ máa wò tààrà, kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Nọ́ọ̀tì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin tó gbé e dúró, ẹ paná, ẹ tú u díẹ̀, ẹ yí i, ẹ dè é padà. Tó bá wá jẹ́ pé ògiri tó dojú kọ omi ni wọ́n kàn án mọ́, tó bá ṣeé ṣe, tó sì jẹ́ ti sólà tí kò ní wáyà, ẹ gbé e lọ sí òdìkejì, létí omi, kó kọ ẹ̀yìn sómi kó máa tàn wá síhà ilé. Èyí máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu, wọ́n á ní báwo la ṣe máa gbé iná sún mọ́ omi, àmọ́ ìhà tí iná kọjú sí ló ṣe pàtàkì jù ibi tí òpó ẹ̀ wà lọ. Ẹ kàn má gbé e ga ju èèyàn lọ.

Fún ampúùlù lásán tó wà lára ògiri, ẹ fi fìlà bò ó. Mo fẹ́ràn agolo tòmátò ńlá yẹn, ti kílò méjì, tàwọn tó ń se oúnjẹ ìnáwó máa ń jù nù. Ẹ fún àwọn tó ń rọ àdògán lọ́jà Wàndó, wọ́n á bá yín ṣe é lójú ẹsẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ ṣe é fúnra yín: ìdí agolo ló máa wà lókè, ẹ lu ihò kan sáàárín ẹ̀ tó máa gba ojú ibi tí wọ́n ń dè ampúùlù sí, kẹ́ ẹ fi ìṣó lu ihò kéékèèké yí i ká kí ooru lè máa jáde, torí LED náà ń gbóná nídìí, tí kò bá rí atẹ́gùn kì í pẹ́ kú. Ẹ fi fáìlì rẹ́ ẹnu agolo náà kó má gé yín lọ́wọ́. Ẹ fi ọ̀dà dúdú tí kì í dán kun inú apá tó máa kọjú sómi, kẹ́ ẹ fi apá kejì sílẹ̀ bó ṣe wà kó lè máa da ìmọ́lẹ̀ padà sójú ọ̀nà. Ampúùlù gbọ́dọ̀ wọ inú agolo pátá, kó ku bí ìka méjì kó tó dé ẹnu ẹ̀, tó bá yọ orí síta, fìlà yẹn ò níṣẹ́ kankan tó ń ṣe. Ẹ pa kúrántì níbi kọ̀ǹtọ́ọ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án o, kì í ṣe ní ibi síwíìṣì nìkan. Tí ibẹ̀ bá sì jẹ́ ibi tí òjò ń dé, ẹ pe eletirisíẹ̀n, agolo ò lè dúró fún ohun tí wọ́n ṣe fún òjò. Ampúùlù àtijọ́ tó ń gbóná ní tiẹ̀, ẹ má fi nǹkan kan bò ó rárá.

Àwọ̀ ampúùlù wá kù. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí wọ́n ń tà á, ẹ yí páálí ẹ̀ wò, ẹ ó rí nọ́ńbà kan tí K wà lẹ́yìn ẹ̀. 2700K tàbí 3000K, wọ́n á kọ "blanc chaud" síbẹ̀, ìyẹn ni kẹ́ ẹ rà, àwọ̀ ẹ̀ pọ́n díẹ̀ bíi ti àtùpà. 6000K tàbí 6500K, tí wọ́n kọ "blanc froid" tàbí "lumière du jour" sí, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn. Òun ló pọ̀ jù lórí àtẹ, oníṣọ́ọ̀bù á sì máa sọ pé òun ló mọ́lẹ̀ jù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ ní èyí tẹ́ ẹ fẹ́ lẹ fẹ́. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù tó wà nínú funfun yẹn ni ojú kòkòrò ń rí dáadáa, òun ló ń fà wọ́n jù, òun náà ló sì ń fọ́n káàkiri ojú ọ̀run jù. Ẹgbẹ́ DarkSky, tó wà láti ọdún 1988 tí iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ òkùnkùn alẹ́, 3000K ni wọ́n ní kéèyàn má kọjá níta. Ẹ wo wọ́ọ̀tì náà: LED wọ́ọ̀tì 9 ń ṣe iṣẹ́ tí ampúùlù àtijọ́ wọ́ọ̀tì 60 ń ṣe, ojú ọ̀nà téèyàn kàn ń gbà lọ sí ilé ìwẹ̀ ò nílò ju wọ́ọ̀tì 3 sí 5 lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ dákun, níbí yìí làwọn èèyàn ti ń ṣì í. Wọ́n á ra ampúùlù pupa-ràkọ̀ràkọ̀ yẹn, wọ́n á wá kọ ojú ẹ̀ sómi, wọ́n ní àwọn ti ṣe tàwọn. Omi ọ̀sà wa kì í ṣe omi tó mọ́ gaara, ìgbà tí Wẹmẹ bá kún ó máa ń dà bí omi àmọ̀. Nínú irú omi bẹ́ẹ̀, búlúù ló máa ń tètè kú, ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n ló máa ń wọlé jìn. Nítorí náà àwọ̀ tó pọ́n yẹn ṣe kòkòrò lóore, ó ṣe ojú ọ̀run lóore, àmọ́ fún ẹja inú omi dúdú, ohun tó dáa jù ni kí iná má dé ojú omi rárá, àwọ̀ yòówù kó jẹ́. Ẹ ṣe fìlà kẹ́ ẹ tó ra ampúùlù.

Ọ̀rọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá ti buvẹ́ẹ̀tì ní aago mọ́kànlá, kí ni iná ń ṣe títí di aago mẹ́fà? Minitírì tí wọ́n ń kì sójú ihò kúrántì wà, ẹ̀ ń yí i sí wákàtí tẹ́ ẹ fẹ́. Iná sólà tó wà káàkiri báyìí, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ló ní telekọmáǹdì nínú páálí, àwọn èèyàn ò sì yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá ẹ̀ rí, ẹ wá a, ẹ yí i sí èyí tó máa ń rẹlẹ̀ tàbí kú tí kò sẹ́ni níbẹ̀, tó sì máa ń tàn nígbà téèyàn bá ń kọjá. Ẹ mọ̀ ṣá pé ìrọ̀lẹ́ títí di bíi wákàtí kan tàbí méjì lẹ́yìn tílẹ̀ ṣú ni ọ̀pọ̀ kòkòrò omi ń jáde, nítorí náà ẹni tó ní òun á paná láago mẹ́wàá tí ò sì bo nǹkan kan, ó ti pẹ́ jù fún wọn. Iná kéékèèké tí wọ́n ń gún mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà náà dáa gan-an torí kò ga, àmọ́ létí ọ̀sà ẹ má ra èyí tó ní wáyà, oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá omi lè wọ ọgbà wá bá yín, kúrántì àtomi ò sì mọ àlejò yàtọ̀ sónílé. Ti sólà tẹ́ ẹ lè fà tu kẹ́ ẹ gbé wọlé ni kẹ́ ẹ rà.

Olè ńkọ́? Gbogbo ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀ yìí ló ń béèrè ẹ̀, ìbéèrè gidi sì ni. Ẹ dán èyí wò: kí ẹnì kan nínú ilé lọ dúró sẹ́yìn pọrọjẹ́ktọ̀ yín tó ń gún ojú, kẹ́ ẹ dúró síwájú ẹ̀ kẹ́ ẹ gbìyànjú láti rí i. Ẹ ò ní rí i. Iná tó bá ń gún ojú, onílé ló ń fọ́ lójú, olè á sì wà nínú òkùnkùn tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Iná tó rẹlẹ̀, tí fìlà wà lórí ẹ̀, tó kàn tàn sí ẹnu ilẹ̀kùn àti géètì, ojú yín á rí gbogbo àgbàlá, èyí tó bá sì ń tàn lójijì nígbà téèyàn bá kọjá, ajá pàápàá á gbọ́n sí i. Láyé àwọn bàbá wa, Zàngbétọ́ ń ṣọ́ ìlú yìí lóru, kò sí pọrọjẹ́ktọ̀ kan lórí ẹ̀. Ti ẹ̀fọn náà, ẹ jọ̀ọ́, iná kì í lé ẹ̀fọn, inú nẹ́ẹ̀tì ni kẹ́ ẹ sùn.

Ẹ má ro gbogbo etí omi mọ́lẹ̀. Koríko gíga, ọ̀pẹ-ràfíà àti igbó kékeré tó wà láàárín ilé yín àtomi, aṣọ ìkélé lọ́fẹ̀ẹ́ ni, ó ń gba ìmọ́lẹ̀ dúró. Ẹ la ọ̀nà tóóró kan lọ síbi tọ́kọ̀ ń gúnlẹ̀, kẹ́ ẹ má tọ́ ọ, kẹ́ ẹ jẹ́ kó wọ́ díẹ̀, kí iná ilé má baà rí àyè gbà tààrà dé ojú omi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kòtò ẹja, àwọn kan máa ń so ampúùlù sórí omi kí kòkòrò lè máa já sínú ẹ̀ fẹ́ja jẹ. Lóòótọ́ ẹja á jẹ ẹ́. Àmọ́ tí kòtò yẹn bá wà létí ọ̀sà, kòkòrò ọ̀sà lẹ̀ ń pè wá, ẹ̀ ń gbà á lẹ́nu ẹja ìta, lọ́wọ́ kan náà ẹ̀ ń dí ẹja tiyín lọ́wọ́ òru. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó lóru, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì tẹ́ ẹ fi ọ̀rá pupa wé ojú ẹ̀, ẹ wò ó tán, ẹ pa á. Ẹni tí àkájà wà níwájú ilé ẹ̀ náà, àwọn ẹ̀ka igi tí wọ́n gún sínú omi yẹn, ibi ìsápamọ́ ni ẹja fi ṣe, kò yẹ kí iná wọbẹ̀ rárá. Mi ò fi ẹnu kan àwọn apẹja tó ń gbé àtùpà sínú ọkọ̀ o, ẹni tó wà lójú omi lóru gbọ́dọ̀ ní iná kí ọkọ̀ míì má baà kọlù ú, àtùpà kan tó ń kọjá lọ yàtọ̀ sí pọrọjẹ́ktọ̀ tó dúró gbọn-in láti alẹ́ dé òwúrọ̀.

Tó bá wá jẹ́ pé iná aládùúgbò ni ńkọ́, ẹ má lọ wàásù fún un. Ẹ lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́ kí èrò tó pọ̀, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú òwò o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dé inú ọkọ̀ yìí, kò ní gbà wá pẹ́." Ẹ jẹ́ kó rí iná ẹ̀ fúnra ẹ̀. Tó bá ní àwọn kọ́sítọ́mà òun fẹ́ràn ìmọ́lẹ̀, ẹ sọ fún un pé tó bá fi ampúùlù 2700K sínú agolo lórí tábìlì kọ̀ọ̀kan, wọ́n á rí ẹja tí wọ́n ń jẹ dáadáa, kòkòrò tó ń já sínú ọbẹ̀ wọn á sì dín kù. Mo ti rí i pé ọ̀rọ̀ kòkòrò inú ọbẹ̀ yìí tètè ń wọlé ju ọ̀rọ̀ Ramsar lọ.

Kẹ́ ẹ tó yí ohunkóhun padà, ẹ ya fọ́tò ilé náà láti ojú omi, tẹ́ ẹ bá ṣe tán kẹ́ ẹ tún yà á níbì kan náà, ní alẹ́ tí kò sóṣùpá, ẹ má jẹ́ kí fóònù fúnra ẹ̀ yan bó ṣe fẹ́ mọ́lẹ̀ tó, ẹ yàn án fúnra yín kí méjèèjì lè bára mu. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ìràwọ̀, Globe at Night wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2006, ẹnikẹ́ni lè ka ìràwọ̀ tó rí níbi tó wà kó sì fi ránṣẹ́ sí wọn.

Iná òpópónà ló kù, ìyẹn kì í ṣe tiyín. Ẹ má gun òpó, ẹ má kùn ún lọ́dà, ẹ má sọ ọ́ lókùúta. Ẹ rí ṣẹ́fù kátíyè ná, kó mọ̀ sí i, kẹ́ ẹ wá kọ lẹ́tà sí mẹ́rì. Ẹ kọ nọ́ńbà òpó tó bá wà lára ẹ̀, ẹ ṣàlàyé ibi tó wà, ẹ fi fọ́tò tẹ́ ẹ yà láti ojú omi sí i, kẹ́ ẹ sì béèrè ohun kan pàtó dípò kẹ́ ẹ máa ráhùn: pé kí wọ́n fi ohun tí wọ́n ń pè ní "coupe-flux" sí ẹ̀yìn iná náà kó má tàn sómi mọ́, tàbí kí wọ́n tẹ orí ẹ̀ balẹ̀, tàbí kí wọ́n dín in kù láti ọ̀gànjọ́ òru. Ẹ lè fi kún un pé ní Faransé, òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá 2018 kò gbà kí iná tàn tààrà sórí odò àti adágún, àfi níbi tí nǹkan pàtàkì bá wà bíi ààbò ọkọ̀ ojú omi, ó sì fi 3000K ṣe òpin fún ọ̀pọ̀ iná ìta. Òfin wọn kọ́ ni òfin wa, àmọ́ ó ń fi hàn pé kì í ṣe àlá lẹ̀ ń lá. Ẹ ṣe lẹ́tà náà ní ẹ̀dà méjì, tí wọ́n bá gbà á ẹ ní kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀, torí lọ́dọ̀ wa níbí, ìwé tí kò ní òǹtẹ̀, kò sẹ́ni tó máa sọ pé òun rí i rí.